Ìdí Tí Àkókò Fi Ń Yára Tàbí Tí Ó Fi Ń Falẹ̀ Lójú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Kò sí ọmọdé, kò sí àgbà, tí kò tíì rí i pé wákàtí kan lè gùn bí odindi ọjọ́ kan, àti pé ọjọ́ kan lè kúrú bí wákàtí kan. Ọmọ tí ń retí aṣọ ọdún Kérésìmesì a máa bi ìyá rẹ̀ léèrè lójoojúmọ́ pé, "Ọjọ́ mélòó ni ó kù?" Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé oṣù Kejìlá kò ní í dé láéláé. Bàbá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan a sì wí pé, "Háà, ọdún tún dé! Ṣé kì í ṣe àná ni a ṣe ti èṣí?" Ilé kan ni àwọn méjèèjì ń gbé; oòrùn kan náà ni ó ń là tí ó sì ń wọ̀ lójú wọn; bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú wọn. Kí ni ó wá fà á tí ohun kan náà fi ń falẹ̀ lójú ẹnì kan, tí ó sì ń sáré lójú ẹnì kejì? Èyí ni ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju ìtàkùrọ̀sọ lásán lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni ìjà ṣe ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin ẹni tí ó dúró àti ẹni tí a dúró dè. Nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ni a ṣe ń pe ẹlẹ́rìí olóòótọ́ ní òpùrọ́. Nítorí àìmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń lo ọdún wọn tán láìmọ ibi tí ó gbà lọ.

I. AAGO KÌ Í ṢE OJÚSÀÁJÚ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá aago láre. Kì í ṣe òun ni ó ń yára tàbí tí ó ń falẹ̀. Láti ọdún 1967 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi ohùn ṣọ̀kan pé ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìwọ̀n àkókò tí ìtànṣán kan láti ara átọ́ọ̀mù irin tí a ń pè ní caesium fi ń gbọ̀n ní ìgbà 9,192,631,770. Gbígbọ̀n yìí kì í yá nítorí ayọ̀ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í falẹ̀ nítorí ìbànújẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà lọ ní ilé àsè àti ní ilé ọ̀fọ̀.

Ṣùgbọ́n èdè wa tìkára rẹ̀ ń jẹ́rìí pé òṣùwọ̀n mìíràn wà ṣáájú aago. Ìṣẹ́jú, tí í ṣe ìdá kan nínú ọgọ́ta tí a pín wákàtí sí lónìí, ṣíṣẹ́ ojú ni: ìwọ̀n àkókò tí ìpéǹpéjú fi ń pàdé tí ó sì tún ń là. Nígbà tí a sì ń wá orúkọ fún èyí tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, a pè é ní ìṣẹ́jú-àáyá, bí ẹni pé ojú àáyá orí igi yá ju ojú ènìyàn lọ. Ọgbọ́n wà nínú orúkọ wọ̀nyí. Wọ́n fi yé wa pé ara ẹni tí ń wo àkókò ni a fi ń wọ̀n ọ́n, àti pé ara kan kò rí bí èkejì.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí. A ní ojú fún ìmọ́lẹ̀, etí fún ìró, imú fún òórùn, ahọ́n fún ìtọ́wò, àti awọ ara fún ooru àti òtútù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀yà ara kan tí a lè fi ìka tọ́ka sí pé, èyí ni ó ń gbọ́ bí àkókò ti ń kọjá. Nítorí náà ọkàn ní láti wo ohun mìíràn, kí ó sì ti ara rẹ̀ mọ bí àkókò ti gùn tó.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ní etíkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Àlgéríà nísinsìnyí, ro ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 400 ti Olúwa wa. Nínú ìpín kọkànlá ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, ó bèèrè pé: bí ohun tí ó ti kọjá kò bá sí mọ́, bí ohun tí ń bọ̀ kò bá sì tíì sí, kí ni a wá ń wọ̀n? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé inú ọkàn ni a ti ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó kọjá wà nínú ọkàn gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Èyí tí ó wà lọ́wọ́ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfiyèsí. Èyí tí ń bọ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrètí. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò láti ìgbà náà wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ kò tíì parẹ́. Òṣùwọ̀n méjì ni a óò yẹ̀ wò: àfiyèsí àti ìrántí.

II. ÒṢÙWỌ̀N KÌN-ÍN-NÍ: ÀFIYÈSÍ

Nígbà tí ọkàn bá dojú kọ àkókò fúnra rẹ̀, àkókò a gùn. Nígbà tí ọkàn bá dojú kọ iṣẹ́, àkókò a kúrú. Ẹ wo àwọn méjì tí wọ́n jókòó ti ìkòkò iṣu kan náà. Ebi ń pa ọ̀kan, kò sì gbé ojú kúrò lára ìdérí ìkòkò. Lójú rẹ̀, iná kò jó, omi kò hó, iṣu kò sì ní í jinná. Èkejì ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ìtàn, nígbà tí a bá sọ iṣu náà kalẹ̀, yóò wí pé, "Ó mà tètè jinná o!" Iná kò ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó ń ka àgbàdo ní hóró kọ̀ọ̀kan yóò sọ pé ó pọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bù ú sínú igbá lẹ́ẹ̀kan náà yóò sọ pé igbá kan péré ni. Ẹni tí ń dúró ni ó ń ka ìṣẹ́jú ní hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kò ráyè kà á. Ó kàn rí i pé igbá ti kún.

Ẹ rántí Jákọ́bù, ẹni tí ó sin Lábánì ní ọdún méje nítorí Rákélì. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì jẹ́rìí pé ọdún wọ̀nyí kò tó nǹkan lójú rẹ̀ nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí i. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé kì í ṣe ìjókòó ni Jákọ́bù jókòó. Agbo ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tọ́jú, ó sì mọ iye ọdún tí a dá fún un. Iṣẹ́ gba ọkàn rẹ̀ kúrò lára ìdúró. Ìbá ṣe pé ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgọ́ Lábánì láìṣe nǹkan kan, àwa rò pé oṣù méje ìbá ti gùn jù fún un.

Ara pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1933, Hudson Hoagland, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn kan jáde nípa aya rẹ̀ tí ibà mú. Ó fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà, aya rẹ̀ tẹnu mọ́ ọn pé ó ti pẹ́ jù níta. Hoagland bá ní kí ó máa kà láti ení títí dé ọgọ́ta, kí ó sì ka oókan fún ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti rò pé ó gùn tó. Aago kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí obìnrin náà fi ka ọgọ́ta tán. Bí ibà náà sì ti ń ga sí i ni kíkà rẹ̀ ń yá sí i. Bí ẹni tí ara rẹ̀ gbóná bá ti ka ọgọ́ta nígbà tí aago kò tíì ka ọgọ́ta, dájúdájú aago yóò dà bí ọ̀lẹ lójú rẹ̀.

III. Ẹ̀RÙ, ÀTI OHUN TÍ Ó KỌ́ WA

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú wọn, tàbí tí wọ́n ti orí ọ̀pẹ já bọ́, a máa wí pé nígbà tí àwọn ń ṣubú, ohun gbogbo ń lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn sì rí ohun kọ̀ọ̀kan kedere. Ṣé òótọ́ ni pé ọkàn ń sáré nígbà náà tí ayé sì ń falẹ̀?

Ní ọdún 2007, Chess Stetson, Matthew Fiesta àti David Eagleman tẹ ìdánwò kan jáde lórí èyí ní Amẹ́ríkà. A jẹ́ kí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ara wọn sílẹ̀ fún un já bọ́ láti ibi tí ó ga ní mítà 31, sínú àwọ̀n tí a ta sílẹ̀ láti gbà wọ́n láìfarapa. A so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn, èyí tí nọ́ńbà ń ṣẹ́ lójú rẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè kà á ní ìgbà tí ara balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé àkókò ń falẹ̀ fún ẹni tí ń já bọ́, yóò rí nọ́ńbà náà kà. Kò sí ẹni tí ó rí i kà ju ti ìgbà tí ó wà ní ilẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a ní kí wọ́n sọ bí jíjábọ́ tiwọn ti pẹ́ tó, wọ́n fi ìdá 36 nínú 100 lé e ju èyí tí wọ́n sọ nípa jíjábọ́ ẹlòmíràn tí wọ́n wò.

Kí ni èyí kọ́ wa? Ojú kò yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ìrántí ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ọkàn a kọ ohun púpọ̀ sínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ṣí ìwé náà wò, a rí i pé ojú ewé rẹ̀ pọ̀, a sì rò pé àkókò náà gùn. Báyìí ni a ti dé ìdí òṣùwọ̀n kejì.

IV. ÒṢÙWỌ̀N KEJÌ: ÌRÁNTÍ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ apá yìí, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Àwọn òṣùwọ̀n méjèèjì kì í sábà fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà wọ́n a máa tako ara wọn. William James, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìmọ̀ ọkàn tí ó jáde ní ọdún 1890: àkókò tí ohun oríṣiríṣi kún inú rẹ̀ a máa kúrú nígbà tí ó ń kọjá, ṣùgbọ́n a gùn nígbà tí a bá bojú wẹ̀yìn wò ó, àkókò tí ó ṣófo a máa gùn nígbà tí ó ń kọjá, ṣùgbọ́n a kúrú nígbà tí a bá bojú wẹ̀yìn.

Ẹ fi ọjọ́ ìgbéyàwó wé ọjọ́ àìsàn. Ọjọ́ ìgbéyàwó kò pẹ́ tí ó fi ṣú. Ṣùgbọ́n bí ogún ọdún bá kọjá, ìyàwó yóò ṣì lè ròyìn rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́: ẹni tí ó wá, aṣọ tí wọ́n wọ̀, orin tí a kọ. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn fún oṣù kan, ẹ̀wẹ̀, ń ka pákó àjà ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, alẹ́ kò sì tètè lẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá padà sí ilé rẹ̀, oṣù náà ká kò bí ẹní, kò sì rí ohun púpọ̀ sọ nípa rẹ̀.

Ẹ̀rí kan tí ó yani lẹ́nu ni ti Michel Siffre, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Faransé kan, ẹni ọdún 23. Ní oṣù Keje ọdún 1962, ó wọ inú ihò ilẹ̀ kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀, ní àárín òkè Alps, ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti Ítálì. Kò mú aago lọ́wọ́, kò sì sí oòrùn níbẹ̀. Ó máa ń fi wáyà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókè sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá jí, nígbà tí ó bá jẹun, àti nígbà tí ó bá fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n a ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ sọ ìgbà tí ó jẹ́ fún un. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ké sí i pé àkókò ti pé. Kò gbà á gbọ́, nítorí gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tirẹ̀, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ni. Ọjọ́ 25 ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí a sì ní kí ó ka 1 títí dé 120, kí oókan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó fi kà á, dípò méjì.

Níbo ni ọjọ́ 25 náà lọ? Kò sí ẹni tí ó jí wọn kó. Inú òkùnkùn, ọjọ́ kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Kò sí òwúrọ̀, kò sí àlejò, kò sí ọjà, kò sí agogo ìsìn. Ọkàn kò rí ohun kan tí yóò so ìrántí rẹ̀ mọ́, ọjọ́ sì ń wọ inú ọjọ́ bí omi ti ń wọ inú omi.

V. ÌDÍ TÍ ỌDÚN FI Ń SÁRÉ FÚN ÀGBÀ

A lè wá padà sọ́dọ̀ bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Paul Janet, amòye ará Faransé, dábàá ní ọdún 1877 pé ìṣirò ni ó fà á. Fún ọmọ ọdún 10, ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Fún ẹni ọdún 50, kò ju ìdá kan nínú àádọ́ta lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n kò tó.

Ní ọdún 2005, Marc Wittmann àti Sandra Lehnhoff tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n bi ènìyàn 499 ní ilẹ̀ Jámánì àti Austria léèrè, láti ọmọ ọdún 14 títí dé àgbà ọdún 94. Nígbà tí wọ́n bèèrè bí ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí ó kọjá ti yára tó, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọdé àti àgbà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bèèrè nípa ọdún mẹ́wàá tí ó kọjá, àwọn àgbà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n wí pé ó sáré. Bí ó bá jẹ́ ìṣirò Janet nìkan ni, ọ̀sẹ̀ náà ìbá ti máa sáré fún àgbà. Ọdún mẹ́wàá ni ó ń sáré, èyí tí ó jẹ́ pé ìrántí nìkan ni ó lè wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, àlàyé tí ó bá ẹ̀rí mu jù ni èyí. Ọmọdé ń rí ohun gbogbo ní àkọ́rí: àkọ́lọ sí ilé ẹ̀kọ́, àkọ́rí òkun, àkọ́sùn ní ilé ẹlòmíràn. Ọkàn ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àgbà, ẹ̀wẹ̀, ti mọ ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọ́fíìsì débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn ín nígbà tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ohun tí a ti ṣe ní ìgbà ẹgbẹ̀rún, ọkàn kì í tún kọ ọ́. Bí ọdún bá wá parí, àgbà ṣí ìwé náà, ó sì bá ojú ewé díẹ̀ péré.

VI. ÈRÈ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Èkíní, ẹ̀yin tí ń tọ́jú aláìsàn, ẹ má ṣe bá a wí nígbà tí ó bá ní ẹ ti pẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aago wà lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Òun kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ìdúró, bóyá pẹ̀lú ibà. Bí ẹ bá fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ sọ ìgbà tí ẹ óò padà dé, kí ẹ sì fi ohun kan sílẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ láti ṣe. Ẹni tí ó mọ òpin ìdúró rẹ̀, ìdajì ẹrù ni a ti sọ̀ fún un.

Èkejì, ẹ̀yin àgbà tí ń parí ìjà, ẹ ṣọ́ra kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ nítorí ọ̀rọ̀ àkókò. Obìnrin tí olè wọ ilé rẹ̀ lè fi òtítọ́ ọkàn wí pé wọ́n lo wákàtí kan, kí aládùúgbò sì wí pé kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ wá ẹ̀rí mìíràn tí kì í ṣe ti ọkàn: agogo tí ó lù, ọkọ̀ tí ó kọjá, àkùkọ tí ó kọ.

Ẹ̀kẹta, fún gbogbo wa. Bí ọdún bá ń sáré, àwa kọ́ ni a lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ó wà ní ipá wa kí ó má bàa lọ ní ọwọ́ òfo. Ẹ kọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀, ìbáà ṣe orin kan tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ẹ bẹ ará ilé yín wò ní ìlú tí ẹ kò tíì dé rí. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn lọ sí oko. Ẹ ní ìwé kékeré kan, kí ẹ sì kọ ìlà kan péré sínú rẹ̀ ní alaalẹ́. Bí ọdún bá yí po, ẹ óò rí i pé ọjọ́ tí ẹ rò pé ó sọnù kò sọnù. Kì í ṣe pé kí a máa sáré kiri. Ẹni tí ó fi ara balẹ̀ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ dáradára fún wákàtí kan ti rí ohun titun.

Ẹ sì ṣọ́ra fún eré tí ń jalè lọ́nà méjì. Àárẹ̀ ọjọ́ a máa mú kí a fẹ́ pa àkókò. Ẹni tí ó tẹjú mọ́ káàdì tàbí fóònù láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru kò mọ ìgbà tí alẹ́ náà lọ. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, kò rí nǹkan kan rántí. Ó kúrú nígbà tí ó ń lọ, ó tún kúrú nígbà tí a bojú wẹ̀yìn. Ìdúró aláìsàn gùn ní ọ̀nà kan, ó kéré tán. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gùn ní ọ̀nà kejì. Ṣùgbọ́n ti eléyìí kò gùn níbì kankan.

Àwọn àgbà wí pé ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la. Òótọ́ ni, yóò sì ku ọ̀la fún olúkúlùkù wa. Nígbà tí ó bá di àná, ohun tí a kó sínú rẹ̀ nìkan ni yóò sọ bí ó ti gùn tó. Bí ọ̀rọ̀ wa bá ti gùn lójú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tìkára yín ti mọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí.